Yìnyín Lórí Òkè Oníná: Àṣìṣe Cooley Tó Ṣì Wà Láàrin Wa

Ilẹ̀ wa gbóná. Orí òkè sún mọ́ oòrùn ju ìsàlẹ̀ lọ. Àwọn òkè kan sì wà tí iná ń jó nínú wọn. Níbo ni yìnyín yóò gbà débẹ̀? Báyìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń rò ó ní Ṣómólú àti Bàrígà, ìrònú náà sì jọ ọgbọ́n. Bí ọmọ ẹni tó ń gbé ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà bá fi fọ́tò ránṣẹ́ nínú oṣù kẹfà, tó wọ síkì, ìyẹn pákó gígùn méjì tí wọ́n ń dè mọ́ bàtà láti fi yọ̀ lórí òjò dídì, tó sì dúró lórí òkè funfun kan tó pè ní òkè ayọnáyèéfín, àwọn ará ilé á ní fọ́tò oṣù Kejìlá ló fi ránṣẹ́. Ẹlòmíràn á ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé irú yìnyín bẹ́ẹ̀ wà ní Áfíríkà, nítòsí ìlà ìdajì ayé gan-an, ẹ̀rín ni wọ́n á fi dá a lóhùn. Àkọsílẹ̀ wà tó fi hàn pé ìrònú yìí kò tọ̀nà, ó sì ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí wọ́n ti já a. Ohun tó mú mi kọ èyí ni pé ẹni tó bá gbà á gbọ́, tó sì gbé e dání lọ gun òkè, lè fi ẹ̀mí rẹ̀ dí i.

Àṣìṣe náà ní baba tí a mọ̀ lórúkọ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1848, Johannes Rebmann, ọmọ Jámánì tó ń ṣe míṣọ́nnárì fún Church Missionary Society, ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí CMS, ń rìn lọ sí ilẹ̀ àwọn Chagga, níbi tí a ń pè ní Tanzania lónìí. Ó gbójú sókè, ó rí funfun kan lórí òkè Kilimanjaro. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọsánmà ni. Ó bi ẹni tó ń fọ̀nà hàn án léèrè, onítọ̀hún ní òtútù ni, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rebmann, tó ti rí yìnyín láti kékeré ní ìlú rẹ̀, mọ ohun tí òun ń wò. Ìròyìn rẹ̀ jáde ní London ní 1849 nínú ìwé ìròyìn CMS. Ní oṣù Kejìlá ọdún yẹn kan náà, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, Johann Ludwig Krapf, rí òkè Kenya láti ọ̀nà jíjìn, òun náà sì rí funfun lórí tirẹ̀.

Ọkùnrin kan ní London kò gbà wọ́n gbọ́. William Desborough Cooley lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe òpè. Ó ti ka ìwé àwọn Lárúbáwá àti ti àwọn Potogí nípa ilẹ̀ Áfíríkà dé ibi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kà á dé, ṣùgbọ́n kò fẹsẹ̀ tẹ Ìlà Oòrùn Áfíríkà rí. Nínú ìwé tó gbé jáde ní 1852, ó kọ ọ́ pé inú ọkàn ni Rebmann ti rí yìnyín rẹ̀, ojú rẹ̀ kò rí nǹkan kan. Òkè náà fi bíi dígírì mẹ́ta péré jìnnà sí ìlà ìdajì ayé. Lójú àwọn tó jókòó ti ìwé, ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Àwọn Chagga tí ń gbé ní ẹsẹ̀ òkè náà, tí wọ́n ń wo funfun yẹn láràárọ̀, tí omi tó ń ṣàn látorí rẹ̀ ń bomi rin oko wọn, Cooley kò bi wọ́n léèrè.

Ní 1861, Karl Klaus von der Decken láti Jámánì àti Richard Thornton, onímọ̀ òkúta láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ wọn gíga òkè náà. Ní ọdún kejì, von der Decken padà lọ pẹ̀lú Otto Kersten. Wọ́n gùn ún kọjá 4,000 mítà, òjò dídì sì rọ̀ lé wọn lórí. Ẹ̀rí wo ló tún kù lẹ́yìn ìyẹn? Síbẹ̀ Cooley kò yí ọkàn padà. Nígbà tí Hans Meyer àti Ludwig Purtscheller dé orí Kilimanjaro pátápátá ní 1889, ní 5,895 mítà, orí yìnyín ni wọ́n ti gé ibi tí wọ́n ń fẹsẹ̀ lé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Bàrígà ju bí a ṣe rò lọ. CMS tó rán Rebmann lọ náà ni ó dá CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ọdún 1859, lábẹ́ Thomas Babington Macaulay, ọkọ ọmọ Àjàyí Crowther, tó sì jẹ́ baba Herbert Macaulay. Bàrígà ni ilé ẹ̀kọ́ náà wà lónìí. Nígbà tí àwọn ọmọ àkọ́kọ́ wọ kíláàsì, àríyànjiyàn lórí yìnyín Kilimanjaro kò tíì tán ní London. Òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ kan náà ni Crowther àti Rebmann, ní àkókò kan náà. Ó dùn mí pé ìtàn tí ilé ẹ̀kọ́ Bàrígà yìí fi bá Kilimanjaro tan kò sí lẹ́nu àwọn ará àdúgbò, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Cooley ni a jogún dípò ti Rebmann.

Kí ló dé tí ìrònú tó jọ ọgbọ́n fi kùnà? Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí oòrùn. Oòrùn fi bíi 150 mílíọ̀nù kìlómítà jìnnà sí wa. Kilimanjaro kò ga tó kìlómítà mẹ́fà. Ẹni tó gun òkè mẹ́fà irú rẹ̀ léra wọn kò tíì sún mọ́ oòrùn lọ́nà tí ara lè mọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ìtànṣán oòrùn máa ń la afẹ́fẹ́ kọjá láìfi bẹ́ẹ̀ mú un gbóná. Ilẹ̀ ló ń gba ooru náà, ilẹ̀ náà ló wá ń fi fún afẹ́fẹ́ tó wà lórí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a gòkè. Bí ó ti ń gòkè ni ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ ń dín kù, ó ń fẹ̀, bí ó sì ti ń fẹ̀ ni ó ń tutù. Fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá gùn, ooru máa ń dín ní bíi 6°C. Bí ó bá jẹ́ 27°C ni létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ Bàrígà, ká fi ìṣirò yìí gbéra: ní gíga Kilimanjaro, a ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo, a ti wọ bíi 8°C nísàlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí wọ́n wọ̀n lórí òkè náà kò jìnnà sí iye yìí. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Ìkẹjà lọ sí London tí ó sì wo tẹlifíṣọ̀n kékeré iwájú rẹ̀ ti rí i kà: ní nǹkan bíi 10,000 mítà, òtútù ìta a máa tó 50°C nísàlẹ̀ òdo, bẹ́ẹ̀ orí aṣálẹ̀ Sàhárà ni ọkọ̀ ń fò kọjá.

Kò sì yẹ kí a jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí a tó rí ẹ̀rí. Ìdí tí ará Èkó fi ń di súẹ́tà sínú báàgì bó bá ń lọ sí Jos ni pé ìlú náà ga ju 1,200 mítà lọ. Ọ̀dùnkún òyìnbó ń ṣe dáadáa níbẹ̀, yìnyín sì máa ń já bọ́ nínú òjò. Ìlà ìdajì ayé kò sún sẹ́yìn fún Jos. Gíga nìkan ló ṣe é.

Jos náà ló tún já apá kejì àṣìṣe wa, èyí tó jẹ́ ti iná. Ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé òkè ayọnáyèéfín wà káàkiri apá gúúsù ilẹ̀ gíga tí Jos wà lórí rẹ̀. Àwọn òkè tí ìgbóná abẹ́ ilẹ̀ dá ṣì dúró ní Panyam àti Kerang títí di òní, ihò orí wọn sì hàn. Wọ́n ti kú, wọn kì í yọná mọ́. Ṣùgbọ́n bí òkè oníná bá ń sọ àdúgbò rẹ̀ di gbígbóná, kò yẹ kí ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tó tutù jù lọ ní Nàìjíríà. Ẹlòmíràn á ní àwọn tó ti kú kò ṣe é fi ṣe ẹ̀rí, àfi àwọn tó ṣì wà láàyè. Ó dára. Òkúta kì í jẹ́ kí ooru kọjá lára rẹ̀ ní kíákíá. Bí a bá kó gbogbo ayé pọ̀ ṣírò, ooru tó ń jáde láti inú ilẹ̀ lórí mítà kan níbùú lóròó kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá wáàtì kan. Oòrùn ọ̀sán tó ràn gangan ń da bíi 1,000 wáàtì sí ibi kan náà. Lórí òkè oníná tó wà láàyè, ooru inú ilẹ̀ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń rí ojú ihò díẹ̀ gbà jáde ni, ní irú èéfín àti oru gbígbóná. Ẹ̀gbẹ́ òkè yòókù ń bẹ nínú òtútù tirẹ̀. Bí òkè náà bá bú gbàù, ìyẹn di ọ̀rọ̀ mìíràn. Yìnyín a yọ́ lójijì, ọ̀gbàrá ẹrẹ̀ á sì ṣàn wálẹ̀ tó lè pa ìlú rẹ́. Lójoojúmọ́ tí kò bú, iná àti yìnyín ń bá ara wọn gbé.

Ẹ̀rí tó dùn mọ́ mi jù lórí èyí wá láti òkè Rainier ní ìpínlẹ̀ Washington. Òkè ayọnáyèéfín tí kò tíì kú ni, ó ga tó 4,392 mítà, kò sì sí òkè míràn nínú àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà, bí a bá yọ Alaska sílẹ̀, tó ní yìnyín tó o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1870, Hazard Stevens àti Philemon Van Trump gùn ún dé òkè pátápátá. Ilẹ̀ ṣú mọ́ wọn lórí. Ìgbà ooru ni, síbẹ̀ òtútù ibẹ̀ ìbá pa wọ́n mọ́jú. Ohun tó gbà wọ́n là ni ihò kan tí oru gbígbóná inú òkè ti gbẹ́ sínú yìnyín ní etí ẹnu rẹ̀. Wọ́n wọnú rẹ̀, wọ́n sùn síbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ń gbóná, ẹ̀gbẹ́ kejì ń tutù, wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè lọ́jọ́ kejì. Iná náà lágbára tó láti gbẹ́ ihò, kò lágbára tó láti yọ́ adé òkè.

Mo gbọ́dọ̀ tún nǹkan kan ṣe kí n tó kọjá, nítorí ó máa ń wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan a máa pe Olúmọ ní Abẹ́òkúta àti àwọn òkè Ìdànrè ní òkè oníná. Wọn kì í ṣe òkè oníná. Òkúta gíráníìtì ni wọ́n. Jìnnà nínú ilẹ̀ ni wọ́n ti tutù, tí wọ́n sì ti le, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, kí òjò àti ẹ̀fúùfù tó bó ilẹ̀ orí wọn kúrò. Ní Akọka, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàrígà níbí, ẹ̀ka kan wà ní Yunifásítì Èkó tí wọ́n ti ń kọ́ nípa òkúta àti ilẹ̀. Ẹni tí iyèméjì bá mú kò ní rìn jìnnà kó tó rí ẹni tó máa ṣàlàyé fún un.

Òkè oníná tòótọ́ tó sún mọ́ wa jù lára àwọn tó ṣì ń yọná ni òkè Cameroon. Bí a bá fa ìlà tààrà lórí máàpù láti Ṣómólú, ó fi nǹkan bíi 700 kìlómítà jìnnà sí wa. Ó sún mọ́ wa ju Kano lọ, ó sún mọ́ wa ju Ṣókótó lọ, Maiduguri kò tilẹ̀ yẹ ní fífi wé e. Ó dìde láti etí òkun dé 4,095 mítà. Ó yọná ní 1922, ní 1959, ní 1982, ní 1999, ní 2000 àti ní 2012. Ti 1999 ni àwọn awakọ̀ àdúgbò Limbe kò lè gbàgbé: òkúta yíyọ́ ṣàn wá gba orí títì etí òkun ní Bakingili, ó bo ọ̀nà mọ́lẹ̀, ó sì dúró ní ìwọ̀n bíi 200 mítà sí òkun. Àwọn Bakweri tó ni ilẹ̀ náà gbà pé Epasa Moto, ẹ̀dá tí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí ìlàjì rẹ̀ jẹ́ òkúta, ló ń gbé orí òkè náà.

Ìgbà kan wà tí òkè yìí jẹ́ ti wa lórí ìwé. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso apá ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Cameroon pọ̀ mọ́ Nàìjíríà, Buea tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà sì di olú ìlú Southern Cameroons. Ìdí nìyí tí orúkọ ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC, tí Herbert Macaulay jẹ́ ààrẹ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1944, fi ní Cameroons nínú. Ìbò ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 1961 ló yà wá. Àwọn tó ń tẹ ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti kàlẹ́ńdà ní Ṣómólú, láti Shipeolu dé Bajulaiye, ń ṣe iṣẹ́ ńlá fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ohun tí mo ń bẹ̀ wọ́n ni pé kí máàpù tí wọ́n bá tẹ̀ má ṣe parí sí ibodè, kí ọmọ tó ń kà á lè rí i pé òkè oníná wà ní ìtòsí rẹ̀, àti pé òtútù wà lórí rẹ̀. Bí a bá fi ìṣirò tí a ṣe lẹ́ẹ̀kan wọ̀n ọ́n, ooru orí òkè Cameroon kò ju 2 tàbí 3°C lọ, lóru ó sì lè kan òdo. Ẹni tó wọ sálúbàtà àti síńgílẹ́ẹ̀tì gùn ún nítorí pé "òkè oníná ni, yóò móoru" ti fi ara rẹ̀ wéwu.

Ọ̀rọ̀ ìgbà wá kù, ibẹ̀ ni àṣìṣe ti pọ̀ jù. Ní òkè Cameroon, kò sí ìgbà ìrúwé, kò sí ìgbà òtútù. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ló wà, bíi tiwa. Debundscha tó wà ní ẹsẹ̀ òkè náà lápá òkun ń gba òjò tó lé ní 10,000 mílímítà lọ́dún, bẹ́ẹ̀ ti Èkó kò tó 2,000. Richard Burton gùn ún nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ní ìparí 1861 wọ 1862, kété lẹ́yìn tó kúrò ní Abẹ́òkúta; ìwé kan náà ló fi ròyìn ìlú Ẹ̀gbá àti òkè náà, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1863. Alfred Saker, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi, àti Gustav Mann, onímọ̀ ewéko, wà pẹ̀lú rẹ̀. Mary Kingsley gùn ún nínú oṣù kẹsàn-án 1895, ní àárín òjò, òjò àti ìkuukùu sì fojú rẹ̀ rí màbo. Ó dé òkè, kò rí nǹkan kan wò láti ibẹ̀. Nítorí èyí ni àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń gùn ún láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹrin. Eré ìje tí wọ́n ń sá láti Buea dé orí òkè tí wọ́n sì ń sá padà, tó ti wà láti 1973, inú oṣù Kejì ni wọ́n ń ṣe é. Sarah Etonge tó borí nínú rẹ̀ ní ìgbà méje di ẹni tí gbogbo Cameroon ń pè ní ọbabìnrin òkè.

Ní Rainier àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní etí òkun Pàsífíìkì, Baker, Adams, Hood, St. Helens, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ibẹ̀ ni síkì ti pọ̀ lórí òkè oníná, ibẹ̀ sì ni àwọn ará ilé kì í gba ọmọ wọn gbọ́. Ìgbà òtútù ni òjò dídì ń rọ̀, òótọ́ ni. Afẹ́fẹ́ òkun tó kún fún omi á kọlu àwọn òkè wọ̀nyí, á gòkè, á tutù, á sì da ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. Ní Paradise, ní ẹ̀gbẹ́ Rainier, òjò dídì tó lé ní 28 mítà ló rọ̀ láàrin 1971 sí 1972; ní òkè Baker, ti 1998 sí 1999 tún ju ìyẹn lọ. Irú òkìtì bẹ́ẹ̀ kò lè tán ní oṣù kan. Títí wọ inú oṣù keje, ẹsẹ̀ ṣì ń rì nínú rẹ̀ ní Paradise, nígbà tí àwọn ará ìlú Seattle ní ìpínlẹ̀ kan náà ń jẹ yìnyín dídùn nínú oòrùn. Ní òkè Hood, ibi ìṣeré síkì kan wà tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń gbé ènìyàn lọ sókè títí wọ inú ìgbà ooru.

Ohun tó yẹ kí a mọ̀ ju èyí lọ ni pé ìgbà ìrúwé àti ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ooru ni àwọn tó mọ̀ nípa òkè ń dúró dè, wọn kò kàn fara mọ́ ọn. Ní ìgbà òtútù, òjò dídì tuntun máa ń rọ̀ lé ti àtijọ́ ní ìpele-ìpele. Bí ìpele abẹ́ kò bá di ara rẹ̀ mú, gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè lè já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ẹni tó fẹsẹ̀ kàn án. Nígbà tí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í lágbára láti oṣù Kẹrin lọ, ó ń yọ́ ojú òkìtì náà lọ́sàn-án, omi ń sẹ̀ wọnú rẹ̀, òru ń mú un dì padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìpele ti di ọ̀kan ṣoṣo, ó le, ojú rẹ̀ sì ti di hóró-hóró bí iyọ̀ òkúta. Oòrùn tí a rò pé ó ń ba yìnyín jẹ́ ló ń sọ ọ́ di ohun tí ènìyàn lè tọ̀. Ojú ọjọ́ tún ń dára sí i: ìjì ìgbà òtútù ti lọ, ìmọ́lẹ̀ ń pẹ́ lójú ọ̀run. Òkè oníná sì ní ẹ̀gbẹ́ tó ń dagẹ̀rẹ̀ bọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ láìsí ògiri òkúta púpọ̀ láàrin, nítorí náà ẹni tó bá gùn ún lè yọ̀ bọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún mítà láìbọ́ síkì.

Àwọn tó ń lọ síbẹ̀ láìsí ẹ̀rọ agbénisókè kì í gbéra lówùúrọ̀. Ọ̀gànjọ́ ni wọ́n ń gbéra, ní agogo méjìlá òru tàbí agogo kan, iná lórí, irin eléyín lábẹ́ bàtà, nítorí ìgbà yẹn ni yìnyín le. Ibi tí kò bá dagẹ̀rẹ̀ jù, wọ́n á lẹ aṣọ onírun mọ́ abẹ́ síkì kó má baà yọ̀ sẹ́yìn. Wọ́n fẹ́ dé òkè kí oòrùn tó ga, kí wọ́n dúró dìgbà tí ìka kan péré bá ti rọ̀ lójú yìnyín, kí wọ́n sì yọ̀ wálẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó bá pẹ́ dé ọ̀sán ti pàdánù òkè náà. Òjò dídì á ti rọ̀ jinlẹ̀, á ti wúwo fún omi, á sì lè já. Afárá yìnyín tó bo ẹnu kòtò jíjìn inú odò yìnyín (yìnyín ńlá tó ń rọra sún wálẹ̀ lára òkè), tó gbé e lójú òru, lè wó lábẹ́ rẹ̀ lọ́sàn-án. Òkúta tí yìnyín dì mú lóru á bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́.

Ibí ni àṣìṣe "ìgbà ooru ni, ewu ti tán" ti ń pani. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1981, ọjọ́ tí ìmọ́lẹ̀ gùn jù lọ́dún, ògiri yìnyín kan wó lórí odò yìnyín Ingraham ní Rainier. Ènìyàn mọ́kànlá ló kú. Kò tíì sí ìjàǹbá òkè gígùn tó pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìgbà ooru kò lẹ́bi, kò sì dáàbò bo ẹnikẹ́ni.

A tún gbọ́dọ̀ sọ èyí fún àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun: kí wọ́n má rò pé dúdú ara wọn ti tó. Lóòótọ́ àwọ̀ dúdú ń bá ènìyàn dí púpọ̀ nínú ìtànṣán oòrùn. Ṣùgbọ́n ìtànṣán tó ń jóni ń fi bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá le sí i fún ẹgbẹ̀rún mítà kọ̀ọ̀kan, òjò dídì tuntun sì lè dá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá rẹ̀ padà sókè. Ìmọ́lẹ̀ á máa ti ìsàlẹ̀ wá, sínú imú, sí abẹ́ àgbọ̀n, sínú ojú. Ẹyinjú kò ní àwọ̀ dúdú tó lè dáàbò bò ó. Ẹni tí kò fi awò dúdú bojú lórí yìnyín ní ọ̀sán kan lè má ríran dáadáa lálẹ́, bí ẹni tí wọ́n da yanrìn sí lójú, ìrora náà sì lè tó ọjọ́ méjì. Òtútù ń pa á lára, oòrùn ń jó o, ní ìṣẹ́jú kan náà. Ìyẹn ló le fún ẹni tó dàgbà ní Bàrígà láti gbà, nítorí níbí, ibi tí oòrùn bá ti ń jó, ibẹ̀ ló ń gbóná.

Ó ku ohun kan tí àwọn tó ti gbà pé yìnyín wà lórí Kilimanjaro tún ń ṣì mú. Wọ́n gbọ́ pé yìnyín náà ń tán lọ, wọ́n wá ní "Ẹ rí i, iná inú òkè ló ń yọ́ ọ, a ti sọ." Òótọ́ ni pé ó ń tán. Ní 1912, ó bo bíi kìlómítà 12 níbùú lóròó. Nígbà tó fi di 2007, kò tó 2 mọ́. Òótọ́ sì ni pé oru gbígbóná ṣì ń jáde nínú ihò Kibo, orí tó ga jù lára orí mẹ́ta òkè náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé iná ló ń jẹ ẹ́, ìtòsí ihò náà ni ì bá ti máa tán ju ibòmíràn lọ. Ohun tí àwọn olùwádìí rí ni pé ó ń tán káàkiri: ní ojú, ní etí, ní ara ògiri yìnyín tó kọjú sí oòrùn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti gbẹ ju ti àtijọ́ lọ, òjò dídì tó ń rọ̀ kò tó láti san gbèsè èyí tó ń lọ, ayé sì ń gbóná sí i láti ọwọ́ èéfín tí gbogbo wa ń dá. Àwọn onímọ̀ ń jiyàn lórí èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ló lágbára jù. Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó ń dá iná inú òkè lẹ́bi.